Kókó Fágbénró

"Ẹ buwọ́ lù ú, Màmá. Ìlà méje péré ni."

Ìbíjọkẹ́ kò fọwọ́ kan bírò tí Máníjà Adéṣẹ́gun tì síwájú rẹ̀ lórí tábìlì. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kà á lẹ́ẹ̀kẹta, torí kò sẹ́ni tó lè kán an lójú níbi ìwé kíkà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun, Ìbíjọkẹ́ Fágbénró, tó ń di ẹrù mọ́ tírélà ní yáàdì àwọn ní Creek Road, ni kò ta kókó okùn dáadáa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, òun ló sì fà á tí béélì òkìrìkà méje fi já bọ́ lábẹ́ afárá Máìlì Tù. Gbogbo ẹ̀bi náà, wọ́n ní, tirẹ̀ nìkan ṣoṣo ni.

"Bí mo bá buwọ́ lù ú ńkọ́?"

"A ò ní lé yín. Ẹ óò kàn bọ́ sídìí ìmọ́tótó ni, kí ẹ máa gbá ilé ẹrù. Iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni, Màmá. Ẹ ò ní máa gun tírélà kiri mọ́ pẹ̀lú ọjọ́ orí yín yìí."

"Bí mi ò bá buwọ́ lù ú?"

Adéṣẹ́gun mí kanlẹ̀. Kò tíì pé ogójì ọdún. Àpápá GRA ló ń gbé, awakọ̀ ló ń gbé e wá síbi iṣẹ́ láràárọ̀, okùn kò sì tíì bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rí láyé. "A jẹ́ pé ẹ ó máa lọ sílé nìyẹn," ló wí.

Ọdún kejìlélógún rèé tí Ìbíjọkẹ́ ti ń dẹrù ní yáàdì yìí. Láti Creek Road títí dé ẹnu géètì èbúté, kò sí awakọ̀ tí kò mọ kókó rẹ̀. Kókó Fágbénró ni wọ́n ń pè é, torí bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ, òun náà tó fi ọgbọ̀n ọdún dẹrù ní èbúté Àpápá kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Awakọ̀ tó bá ti rí kókó yẹn lára ẹrù rẹ̀ á sùn fọnfọn ní Ọ̀rẹ̀, nígbà tó bá sì jí, á bá ẹrù rẹ̀ bó ṣe fi í sílẹ̀. Orúkọ yẹn ni wọ́n ní kó wá fi bírò pa rẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú, kí wọ́n sì fún un ní ìgbálẹ̀ dípò rẹ̀. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó.

"Ẹ jẹ́ ká dán an wò," ó wí.

"Ká dán kí ni wò?"

"Kókó tí ẹ ní ó tú yẹn. Ẹ jẹ́ kí n ta á lójú gbogbo ayé, ká ta òmíràn tì í, ká gbé ẹrù kọ́ ọ, ká sì mì ín jìgìjìgì bí ìgbà tí tírélà bá kó sí kòtò. Èyí tó bá tú, gbogbo wa la máa fojú rí i."

"Màmá, yáàdì nibí. Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́."

"Èmi fẹ́ rí i," ni ẹnì kan dá sí i láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Alhaja Mujeedat ni, òun ló ni béélì tó já bọ́. Láti ìgbà tó ti jókòó síbẹ̀, kò tíì ju gbólóhùn kan lọ tó sọ, bẹ́ẹ̀ wọn kì í sábà rí i kó dákẹ́. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe.

"Béélì méje ló kó sínú ẹrẹ̀," Alhaja wí. "Ọ̀kan tẹ́ búkà ẹlẹ́yin díndín pa. Ọlọ́run ló yọ obìnrin yẹn, ó ní òun lọ ra búrẹ́dì. Máníjà, bí ẹ bá fi Ìyá yìí sídìí ìgbálẹ̀, tí ẹlòmíràn di ẹrù mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tó tún já bọ́ lé èèyàn lórí, ṣé ìwé yìí ni màá fi sin òkú? Ẹ dán an wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá kó ẹrù mi lọ sí yáàdì kejì."

Adéṣẹ́gun wo Alhaja, ó wo ìwé, ó wá rẹ́rìn-ín ẹni tí ọ̀rọ̀ kò dùn mọ́ nínú. Ó ní kò burú, ó di agogo mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ní Amukoko, Ìbíjọkẹ́ bá bàbá rẹ̀ níwájú ilé lórí àga onípákó rẹ̀, níbi tó ti máa ń fi etí ṣọ́ àdúgbò láti ìgbà tí ojú kò ti gbà fún un mọ́. Bàbá Fágbénró gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Ó wá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀.

"Kókó mi tú? Ọmọ ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Máníjà wa ni, Bàbá."

"Mo fi kókó yẹn di ẹ̀rọ tó wúwo ju ilé yìí lọ. Mo fi di igi gẹdú. Mo fi di màlúù alààyè! Ìwọ fúnra rẹ, o rí i kó tú rí?"

"Mi ò rí i rí, Bàbá."

"Èmi náà ń bá ọ lọ lọ́la. Wá kẹ̀kẹ́ Márúwá fún mi."

Òótọ́ ni Ìbíjọkẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Lọ́jọ́ Ajé ni Adéṣẹ́gun kó okùn tuntun dé, okùn búlúù kan tó ń dán yinrin, ó ní kí wọ́n kó àwọn okùn pupa àtijọ́ tó máa ń gúnni lọ́wọ́ jù nù. Nígbà tí Ìbíjọkẹ́ fa okùn búlúù náà, ó ń yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ilá. Tamuno tó ń wa fọ́kílíìfù, ọkọ̀ tó ń gbé ẹrù sókè ní yáàdì, rí i. Ọmọ Ijaw ni Tamuno, inú ọkọ̀ ojú omi ló dàgbà sí. Ó sún mọ́ ọn, ó ní, "Màmá, okùn yìí ń yọ̀ o. Ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó ta á, bí àwa ṣe ń so ọkọ̀ wa." Ìbíjọkẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ so ẹja rẹ̀. Ó ní kókó Fágbénró kì í bèèrè irú okùn tí wọ́n fi ta á.

Ó yẹ kó sọ èyí fún bàbá rẹ̀ nírọ̀lẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́.

Nígbà tí agogo mẹ́jọ lù lọ́jọ́ kejì, ogunlọ́gọ̀ awakọ̀ àti alábàárù ti kún yáàdì. Tírélà méjì tí Ìbíjọkẹ́ ti dì ní ìdájí, kó tó lọ mú bàbá rẹ̀ wá, dúró sẹ́bàá géètì, wọ́n ń retí kí wọ́n ṣí i fún wọn. Okechukwu ló wà nínú àkọ́kọ́, òun náà ló wa tírélà tí béélì ti já bọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó yọ orí síta.

"Mummy, no sign anything o! Na me drive am. I no even enter gallop reach two."

"Gbẹ́nu rẹ dákẹ́ kí o máa wo iwájú rẹ," Adéṣẹ́gun wí fún un.

Wọ́n gbé àga fún Bàbá Fágbénró lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ìbíjọkẹ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, ohùn rẹ̀ sì ròkè dé ẹnu géètì. Tamuno máa fi fọ́kílíìfù gbé béélì kan sókè, okùn kan ṣoṣo ló máa mú un. Ó máa mì ín nígbà ogún. Wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára okùn níbi tí ìdí rẹ̀ ti yọ lẹ́yìn kókó, bí ìlà náà bá ti ń sún, okùn ń yọ̀ nìyẹn.

"Ẹ da omi sí i," Alhaja Mujeedat wí. "Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà."

Wọ́n da omi sí okùn búlúù. Kókó tí gbogbo ayé fi ń di ẹnu àpò gàrí ni wọ́n kọ́kọ́ ta, alábàárù kan ló ta á. Nígbà tí Tamuno mi béélì lẹ́ẹ̀kẹrin, ó já bọ́ gbì! Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìbíjọkẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ó sì sún síwájú.

Kò kánjú. Ó gbé okùn gba inú ìkọ́ fọ́kílíìfù, ó kó o yípo, ó kì í bọ abẹ́, ó fi gbogbo ara fà á. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sí i. Bàbá rẹ̀ na etí.

Tamuno mì ín lẹ́ẹ̀kan, ó mì ín lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, Ìbíjọkẹ́ rí i pé ìlà ṣọ́ọ̀kì ti sún sínú kókó ní ìwọ̀n ìka kan. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ó ti sún tó ìka mẹ́ta. Gbogbo ojú wà lára ìdí okùn tó ń kúrú sí i díẹ̀díẹ̀, àfi bí ejò tó ń wọ ihò. Nígbà tí wọ́n kà á dé ẹ̀ẹ̀kẹrìndínlógún, béélì náà wá sílẹ̀.

"Èwo ló jábọ́?" Bàbá Fágbénró bèèrè. "Mo ní èwo ló jábọ́? Ṣé ti alápò gàrí yẹn náà ni?"

Ìbíjọkẹ́ wo bàbá rẹ̀. Ó lè parọ́. Kò sí awakọ̀ tàbí alábàárù kan níbẹ̀ tí kò ní bá a pa á mọ́, títí kan Tamuno.

"Bàbá, tiyín ni," ó wí. "Tiwa ni."

Adéṣẹ́gun ló pàtẹ́wọ́. "Ó tán! Mo ti sọ ọ́. Ẹ mú bírò wá."

"Kò tíì tán," Ìbíjọkẹ́ wí. "Kókó kẹta ń bẹ. Tamuno, sọ̀ kalẹ̀ wá ta tìrẹ."

Tamuno wò ó bí ẹni pé etí òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó yí okùn ká ìkọ́ náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta gbáko kó tó ta kókó lé e, ó tì í pa, ó fàlà sí i, ó padà sórí fọ́kílíìfù. Ó mì ín nígbà ogún. Ó tún fi márùn-ún sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó ṣe é. Ìlà ṣọ́ọ̀kì kò sún tó ìdajì ìka.

Ariwo sọ. Kí ariwo tó rọlẹ̀, Ìbíjọkẹ́ ti dé ìdí táǹkì omi. Okùn pupa àtijọ́ ni wọ́n fi so táǹkì náà mọ́ ògiri, òun fúnra rẹ̀ ló ta á lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, òjò àti oòrùn kò sì rí i mú. Ó fa ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tú wọ́ọ́rọ́. Ó gbé okùn náà wá, ó da omi sí i, ó ta kókó Fágbénró sí ìkọ́ náà gan-an tó ti tú. Tamuno mì ín nígbà ogún, lẹ́yìn náà Alhaja ní kó tún un mì ní ogún mìíràn. Ìlà funfun yẹn wà níbi tí wọ́n fà á sí.

"Ẹ mú okùn tuntun yẹn wá kí n fọwọ́ kàn án," Bàbá Fágbénró wí.

Ìbíjọkẹ́ fi í lé e lọ́wọ́. Bàbá fi àtàǹpàkò rà á. Ó ta kókó rẹ̀ sí orí ọ̀pá rẹ̀ láìwo ibì kankan, bí ó ṣe ta á fún ọgbọ̀n ọdún, ó fà á, kókó náà sì ń sún kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún un ta. Ó tún sún.

"Èyí kì í ṣe okùn," ó wí níkẹyìn. "Ọṣẹ ni. Ta ló kó ọṣẹ wá fi dẹrù?"

Gbogbo ojú yí sí Adéṣẹ́gun. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ dúró ná. Ẹ gbọ́ mi, Màmá. Ẹ̀yin ni ẹ fi ọwọ́ ara yín fa okùn yẹn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi kọ́. Ọdún méjìlélógún lẹ́nu iṣẹ́! Ṣé ẹ fẹ́ sọ fún mi pé ẹ ò mọ̀ ọ́n lára pé ó ń yọ̀?"

Ó bá a níbi tó ń dùn ún. Ìbíjọkẹ́ kò lè sọ pé irọ́ ni. Ó rí Tamuno tó ń tẹ orí ba, tó ń fi aṣọ nu ibi tí kò dọ̀tí lára fọ́kílíìfù. Ọmọ náà kò ní sọ ọ́ láéláé, Ìbíjọkẹ́ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Mo mọ̀ ọ́n lára," ó wí. "Tamuno sì kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ Ajé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó lọ so ẹja."

"Ẹ ti gbọ́ ọ!" Adéṣẹ́gun kígbe. "Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ẹ buwọ́ lù ú wàyí."

"Ẹ mú bírò wá," Ìbíjọkẹ́ wí.

Ó gba bírò, ó gba ìwé. Ó yí ìwé náà padà, ó tẹ́ ẹ sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ máníjà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà gbàgà-gbàgà bí ọmọ iléèwé. Bó ṣe ń kọ ọ́ ló ń kà á sókè. "Èmi Ìbíjọkẹ́ ni mo di ẹrù náà. Kókó mi tú. Wọ́n kìlọ̀ fún mi, mi ò gbọ́. Okùn búlúù tí Máníjà Adéṣẹ́gun kó wá ló ń yọ̀, àwa méjèèjì la jọ ni ẹ̀bi. Mi ò sì ní fi okùn yẹn di ẹrù mọ́." Ó buwọ́ lù ú. Alhaja Mujeedat ti yọ fóònù rẹ̀, ó ya ìwé náà ní fọ́tò kí ẹnikẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án.

Ojú Adéṣẹ́gun pọ́n. Ó yíjú sí géètì. "Ìranù ti tó báyìí! Ẹ ṣí géètì. Àwọn tírélà méjì yẹn ti pẹ́, kí wọ́n máa lọ!"

Ìgbà yẹn ni Ìbíjọkẹ́ rántí ohun tó wà lára tírélà méjèèjì. Okùn búlúù ni. Kókó Fágbénró, méjìdínlógún lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ta gbogbo wọn ní ìdájí òní, nígbà tó ṣì dá a lójú pé kò sóhun tó lè tú wọn.

Ó lọ́ ìró rẹ̀ mọ́ ìdí gírígírí, ó gun tírélà Okechukwu.

"Màmá! Kí lẹ fẹ́ ṣe?" Adéṣẹ́gun kígbe.

Ìbíjọkẹ́ fa ìdí kókó àkọ́kọ́, ó tú. Ó fa ìkejì. Tàpólì tí wọ́n fi bo ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ lẹ̀ẹ̀lẹ̀ẹ̀.

"Màmá, bí ẹ bá tú ẹyọ kan sí i, ẹ ti fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ nìyẹn! Okechukwu, wa ọkọ̀ rẹ kó o máa lọ!"

Ẹ́ńjìnnì tírélà ń dún. Okechukwu bojú wo òkè láti ojú fèrèsé, ó rí ìdí okùn tó ń já bọ́ níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó kì í sápò, ó sọ̀ kalẹ̀. "Oga, abeg. Egg woman still dey under that bridge," ó wí, ó sì lọ dúró sábẹ́ igi. Awakọ̀ kejì náà pa tirẹ̀.

Láti òkè ibi tó wà, Ìbíjọkẹ́ rí gbogbo yáàdì kedere. Ó rí Alhaja tó jókòó lé béélì rẹ̀ bí ẹni tí kò ní ibì kankan tó ń lọ lónìí. Ó rí bàbá rẹ̀ lábẹ́ igi àgbálùmọ̀. Ẹ̀rù tó bà á jù láti àná ni bí ojú bàbá rẹ̀ yóò ṣe rí. Ṣùgbọ́n Bàbá Fágbénró ti ránṣẹ́ pe Tamuno. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀, Bàbá ń yí okùn búlúù ká orí ọ̀pá rẹ̀, ó ń kà á sókè bí ẹni tó ń kọ́ òǹkà, ó ń bèèrè pé lẹ́yìn ẹ̀kẹta ńkọ́, abẹ́ ni tàbí òkè. Omi lé ròrò sójú Ìbíjọkẹ́. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó fa kókó mìíràn.

Nígbà tó ti gun tírélà kejì náà, tó sì tú èyí tó kẹ́yìn níbẹ̀, ó kó gbogbo okùn búlúù náà jọ, ó jù ú sílẹ̀ níwájú bàtà máníjà.

Adéṣẹ́gun kò bú u mọ́. Àárẹ̀ ti mú ohùn rẹ̀. Ó wo okùn, ó wo tírélà méjì tí ẹrù wọn dúró gbọọrọ láìsí ohun tó dì wọ́n mú, ó wo àwọn awakọ̀ tó ká ọwọ́ gbera.

"Ó dáa, Màmá," ó wí. "Ẹ ti tú u. Ta ló máa wá dì wọ́n padà báyìí?"

Ìbíjọkẹ́ jókòó sórí ẹrù náà, ó jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀.

"Èmi ni," ó wí. "Ẹ wá okùn."